Ìlù tí kò dé Ṣakí: ohun tí ojú kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì wa rí n'Íbàdàn

Sátidé kẹta tí a bẹ̀rẹ̀ kíláàsì àmì ohùn Yorùbá ni onílù wa gbé gángan rẹ̀ lé orí àga, ó ní òun ò lù mọ́. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ohun tó dùn ún ni pé láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Èrúwà ti ń kọ ọ́ ránṣẹ́ pé àwọn ò gbọ́ ìlù. Ọmọ àyàn ni. Ìdí ìlù ni wọ́n bí i sí, ìlù ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin tí a jọ wà nínú yàrá yìí, ṣé ẹ̀yin náà ò gbọ́ ọ ni?"

A gbọ́ ọ. Ìlù náà ń dún débi pé àwọn tó ń kọjá lọ ní títì máa ń gbójú sókè wo fèrèsé wa. Ìlù tó ń da ìgboro Mọ́kọ́lá láàmú kò wá dé etí ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra dátà láti gbọ́ ọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ni láífù ti pọ̀ báyìí láàárín wa, mo sì mọ̀ pé ohun tó dà wá láàmú yìí ń da àwọn ẹlòmíràn náà láàmú láìmọ̀.

Bí kíláàsì náà ṣe rí nìyí. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni Bàbá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, èdè Yorùbá ló sì fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ni. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, àwọn tó sì ń fi í, wọ́n kàn ń fọ́n ọn ká bí ẹni fọ́n àgbàdo fún adìyẹ ni. Ó ní òun yóò kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, Sátidé-Sátidé, wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó wá pe èmi tí mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà díẹ̀ pé kí n bá òun gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó wà l'Ókè-Ògùn má baà náwó ọkọ̀ wá s'Íbàdàn. Zoom ni a lò. A san owó rẹ̀ nítorí pé ti ọ̀fẹ́ máa ń lé ènìyàn jáde tó bá ti pé 40 ìṣẹ́jú. Olùkọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló forúkọ sílẹ̀.

Ọ̀nà tí Bàbá ń gbà kọ́ni ló mú ọ̀rọ̀ onílù wọ̀ ọ́. Ó ní ẹni tí etí rẹ̀ kò bá gbọ́ ohùn, ọwọ́ rẹ̀ ò lè fi àmì sí i. Ẹ mú igba tí í ṣe òǹkà (200), igbá tí a fi ń bu omi, igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbá tí a ń fi ata epo jẹ, àti ìgbà tí í ṣe àkókò. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Tí ènìyàn bá pè é lẹ́nu, akẹ́kọ̀ọ́ lè wo ẹnu, kó wo ìtumọ̀, kó fi ọgbọ́n mọ èyí tó jẹ́. Ṣùgbọ́n tí onílù bá fi gángan pè é, kò sí kọ́ńsónáǹtì, kò sí fáwẹ́lì, ohùn dò-rè-mí lásán ló kù. Etí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mú un. Bí Bàbá bá ní ká yọ ìlù kúrò nínú kíláàsì yìí, a ti yọ ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kúrò.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ ni pé, "Tíṣà, ìlù ò dún o." A rò pé ìyáàlù tí onílù gbé wá ló wúwo jù fún máíkì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé gángan wá, ohùn tirẹ̀ ga, ó sì tínrín. Bákan náà ló rí. Mo yá máíkì míràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń ká ìwàásù sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Bákan náà. Nígbà yẹn ni mo wá di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọọ̀kì, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe.

N ò fẹ́ fi ìyẹn sílẹ̀ láìsọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò. Mo ṣe àyẹ̀wò bí íntánẹ́ẹ̀tì wa ṣe ń sáré, ó sì dára. Mo tún rántí pé iye tó ń wọlé ni ojú wa máa ń lọ sí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kọ́ni láífù, èyí tó ń jáde lọ ni kó wò, òun ló sì máa ń kéré jù. Mo wo ìyẹn náà, ó tó. Ó sì yẹ kí n ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ nẹ́tíwọọ̀kì, nítorí nẹ́tíwọọ̀kì tó bá burú kì í mọ ohùn Bàbá yàtọ̀ sí ohùn ìlù. Tó bá máa gé, yóò gé méjèèjì. Ohùn Bàbá ń dé Ṣakí kedere, kódà wọ́n ń gbọ́ ọ nígbà tó bá ń nu ọ̀nà ọ̀fun.

Lọ́jọ́ tí onílù gbé ìlù kalẹ̀, Bàbá sọ ohun kan tó là mí lójú. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, rédíò ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ níwájú kíláàsì àwọn, tí olùkọ́ kan tí wọn ò rí yóò máa kọ́ wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Awólọ́wọ̀ dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ níbí ní 1959, ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí wọ́n ní ó wà fún, Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ àwọn tí kò lè wá jókòó nínú ọgbà láti 1988. Bàbá wá bi mí pé, "Nílé iṣẹ́ rédíò, ẹnì kan máa ń fi nǹkan bo etí, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbọ́ ohun tó ń jáde lọ. Ta ló ń ṣe ìyẹn fún wa?"

Kò sí ẹni tó ń ṣe é. Inú yàrá ni gbogbo wa wà, etí ara wa ni a fi ń gbọ́ ìlù tó wà níwájú wa. N ò tíì fi ìgbà kankan jókòó síbi tí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bẹ onílù, ó gbà láti wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ṣí kíláàsì fún Bàbá tán, mo sì gun ọ̀kadà lọ sílé àbúrò mi ní Eléyẹlé. Fóònù rẹ̀ ni mo lò, fóònù kékeré tí ojú rẹ̀ ti fọ́, dátà lásán, kò sí wáyà, kò sí Wi-Fi. Mo jókòó sórí àpótí nínú kíṣìnì rẹ̀, mo gbé fóònù náà sétí.

Bàbá sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Ó yá, ẹ fetí sí èyí." Onílù kọ́kọ́ lu ẹyọ kan, mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn ta èékánná mọ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà, ńṣe ló dákẹ́. Kì í ṣe pé ó ń gé, kì í ṣe pé ó ń fọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó mọ́ tónítóní ni, bí ẹni pé kò sí ènìyàn kankan nínú yàrá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, Bàbá sọ̀rọ̀ lé e lórí, ó ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ̀kalẹ̀ níparí." Lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, mo gbọ́ ìlù! Ó yọ wá lábẹ́ ohùn Bàbá bí ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn àgbàlagbà. Bàbá dákẹ́, ìlù náà tún wọlẹ̀.

Mo ṣì ń rò ó nígbà tí ohun kejì sọ sí mi lọ́kàn. Lábẹ́ yàrá wa ní Mọ́kọ́lá, ìyá kan wà tó ń lọ ata. Ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń mú ilẹ̀ yàrá gbọ̀n, ní Sátidé pàápàá tí àwọn alásè bá kó ata wá. Láti ìgbà tí mo ti gbé fóònù sétí, n ò tíì gbọ́ ẹ̀rọ ata yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo pe onílù lórí fóònù míràn, mo ní, "Ẹ dákun, ṣé ìyá yẹn ń lọ ata lọ́wọ́?" Ó ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ó fẹ́ fọ́ wa létí."

Ohun tó ń pa ẹ̀rọ ata lẹ́nu mọ́ ló ń pa ìlù lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi. Zoom, Google Meet àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ohun kan nínú tó ń gba ohùn yẹ̀ wò kó tó jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbá ariwo dànù: fáànù, jẹnẹrétọ̀, ajá tó ń gbó, ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà pakapaka. Wọ́n ti kọ́ ọ kó mọ ohùn ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ohun tó bá jọ ọ̀rọ̀ ẹnu, á jẹ́ kó kọjá. Ohun tí kò bá jọ ọ́, á tẹ̀ ẹ́ rì. Nígbà tí Bàbá bá ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ìlù a rí àyè yọ díẹ̀. Bí Bàbá bá dákẹ́ tí ìlù sì ku òun nìkan, ẹ̀rọ náà á rò pé ariwo ló kù, á ti ilẹ̀kùn. Ire ni wọ́n fi ṣe é, ó sì máa ń ṣe wá lóore lọ́jọ́ púpọ̀, nítorí láìsí i, ta ni ìbá lè gbọ́ ìpàdé kankan láti ilé tí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn fèrèsé? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nílẹ̀ Yorùbá, ìlù ń sọ̀rọ̀. Ó dùn mí gan-an nígbà tó yé mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rọ kan fi ń pe ọ̀rọ̀ àyàn ní ariwo, àwa náà sì fẹ́ gbà fún un.

Àtúnṣe rẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nínú "Settings" Zoom lórí kọ̀ǹpútà, ní abala "Audio", ibì kan wà tí wọ́n kọ "Original sound for musicians" sí. A yan ìyẹn, lẹ́yìn náà bọ́tìnì kan yọ lójú kíláàsì tí a lè tẹ̀ láti fi ohùn sílẹ̀ bó ṣe rí. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é máa wo bọ́tìnì náà ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí kíláàsì, nítorí ó lè jẹ́ pé kò sí ní títàn. Èyí tí wọ́n pè ní "High fidelity music mode" wà níbẹ̀ náà, a ò fọwọ́ kàn án, nítorí ó ń fẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì tó lágbára ju tiwa lọ. Mo sì fi íápíìsì sí kọ̀ǹpútà, kí ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má baà jáde nínú yàrá kó tún gba máíkì padà lọ bá wọn.

A gbé máíkì sáàárín Bàbá àti onílù. Nígbà tó sún mọ́ ìlù jù, ohùn rẹ̀ ń fọ́. Nǹkan bí ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ìlù ló dára jù fún wa. Ìlù dún. Mo tún lọ sí Eléyẹlé láti gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n bí ìlù ṣe wọlé ni ẹ̀rọ ata náà wọlé. Kò sí ohun tó ń gbá ariwo mọ́, gbogbo Mọ́kọ́lá ló bá wa dé Ṣakí: ẹ̀rọ ata, fáànù òkè, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tiwa fúnra wa. Fáànù, a pa á, a gba ooru mọ́ra. Jẹnẹrétọ̀, a yá inverter pẹ̀lú bátìrì, ó ń gbé kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ Wi-Fi fún wákàtí méjì láìpariwo. Ó wá ku ìyá aláta.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, èmi tẹ̀ lé e. Bàbá ní, "Ìyá ọlọ́jà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀." Ìyá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Ṣé ariwo mi ni?" Bàbá ṣàlàyé fún un. Ó ronú, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó ní, "Sátidé ló ń gbé mi nínú ọjọ́ méje, Bàbá. N ò lè ti ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n n kì í tan ẹ̀rọ kó tó di aago mẹ́jọ. Tí ẹ bá lè tètè jí." Bí kíláàsì aago mẹ́wàá ṣe di aago mẹ́fà ààbọ̀ nìyẹn. Kò rọrùn fún gbogbo ènìyàn. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ráhùn, ọkùnrin kan tó ń gbọ́ wa láti Lọ́ńdọ̀nù ní ó ti yá jù fún òun, ó ń gba ti inú àkásílẹ̀ gbọ́. N ò rí ọgbọ́n tí a lè dá sí ìyẹn, iṣẹ́ ìyá náà sì ṣáájú kíláàsì wa ládùúgbò yẹn.

Ìgbà tí ìlù dé ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn wàhálà kékeré tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ wá yọjú. Obìnrin kan ní Ìgbòho kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, "Tíṣà, dátà mi tán kí ẹ tó dé orí igbà." Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Tí fídíò bá ń lọ ní 600 kilobit ní sẹ́kọ́ǹdù kan, ó ń jẹ 270 MB ní wákàtí kan, kíláàsì kan a sì jẹ 400 MB ó lé. Ohùn nìkan, tí ó bá ń lọ ní 64 kilobit, kò ju bíi 29 MB ní wákàtí kan lọ. Kí ni wọ́n ń wo nínú fídíò náà? Orí Bàbá, àti pátákó tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kò jẹ́ kí ó hàn dáadáa. A pa fídíò. Ní alẹ́ Friday, mo máa ń ya ohun tí Bàbá kọ sí pátákó, mo máa ń fi í sí WhatsApp wọn. Fọ́tò kan ò tó nǹkan. Bàbá kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rí olùkọ́. Nígbà tí mo fi ìṣirò náà hàn án, tí mo sọ iye tí obìnrin Ìgbòho yẹn ń ná ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lára owó oṣù olùkọ́, ó ní kí n pa á. Ó máa ń ṣí i fún ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀rẹ̀ láti kí wọn, lẹ́yìn náà ohùn ló kù.

"Ẹ wí tẹ̀ lé mi" náà ò ṣeé ṣe. Nínú kíláàsì tí a jọ jókòó sí, olùkọ́ á ní "ìgbà", ọgbọ̀n ènìyàn á ní "ìgbà" lẹ́ẹ̀kan náà, á sì dùn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohùn kálukú ń pẹ́ lọ́nà ní ìwọ̀n tirẹ̀, wọ́n ń dé tẹ̀lé ara wọn bí òjò tó ń kán láti orí páànù. A ní kí gbogbo wọn pa máíkì, kí kálukú pè é sínú ilé tirẹ̀, kí wọ́n sì fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ lẹ́yìn kíláàsì. Bàbá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan gbà wá níyànjú pé ká kó lọ sórí YouTube, pé ó fúyẹ́ jù. Mo ní rárá, nítorí ohun tí Bàbá bá sọ níbẹ̀ lè pẹ́ tó bíi sẹ́kọ́ǹdù mẹ́wàá sí ogún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó ń béèrè pé "ohùn wo lẹ gbọ́?" kò lè máa dúró fún ìyẹn ní gbogbo ìgbà. Fún ẹni tó kàn ń sọ̀rọ̀ tí kò béèrè nǹkan, ó lè dára.

Àwọn tó ń fi ẹnu fóònù gbọ́ ọ ń ṣi dò mú fún rè, nítorí ẹnu fóònù kéré, kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde dáadáa. Íápíìsì lásán, èyí tí wọ́n ń tà lórí títì, ló yanjú ìyẹn. Òjò ni a ò tíì rí ṣe. Sátidé kẹfà, òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù ní aago méje kọjá díẹ̀, a kàn tẹ bọ́tìnì Zoom náà padà kí ó lè gbá ariwo dànù, Bàbá sọ ìtàn fún wọn títí ó fi dá.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo fẹ́ fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ènìyàn ti dín kù sí mọ́kàndínlógún ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Lọ́jọ́ yẹn, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wọlé. Bàbá kò sọ̀rọ̀ kankan, ó kàn ṣẹ́jú sí onílù. Onílù lu ọ̀rọ̀ márùn-ún, igba, igbá, igbà, ìgbá, ìgbà, ó da wọn rú, ó lu ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ní kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n gbọ́. Wọn ò lè fi fóònù tẹ àmì, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní kíbọọ̀dù Yorùbá, nítorí náà bírò ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí ìwé, wọ́n ya á, wọ́n fi ránṣẹ́.

Fọ́tò ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé fóònù fún onílù kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìwé olùkọ́ obìnrin kan láti Ṣakí ló dúró lé lórí. Inú ìwé ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀ ló ti ya ewé náà, ìka ọmọdé kan wà létí fọ́tò náà. Ó gba mẹ́rin. Níbi tí ìgbá yẹ kí ó wà, igbá ló kọ.

Onílù gbé kọ̀ǹgọ́. Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kó gbọ́, kó má dúró de ìparí." Ó lu ìgbá lẹ́ẹ̀mẹta, ó rọra tẹ ti ìbẹ̀rẹ̀ náà wálẹ̀ gidi. A dúró. Fọ́tò míràn wọlé láti Ṣakí, ó ti fi bírò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, ó sì fi àmì ìsàlẹ̀ sórí i.